Wàrà Ni Ìyá Ọkọ Mi Ń Bèèrè

 Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí jìnnà sílé díẹ̀, ṣùgbọ́n inú ilé tèmi gan-an ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ bá mi fi sùúrù gbọ́ ọ.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Òwò aṣọ ló gbé mi dé Tọ́kì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Balógun l'Ékòó, ẹ ti mọ Laleli ní Istanbul, níbi tí a ti ń di ẹrù aṣọ wá sílé. Nínú ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀ ni mo ti pàdé bàbá àwọn ọmọ mi, tí ó ń bá ọ̀gá rẹ̀ ṣírò owó. Wọ́n so yìgì wa, Ọlọ́hun sì fi ọmọ méjì ta wá lọ́rẹ. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá àgbà, ń gbé ní ìlú kékeré kan létí òkun Marmara. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fà mí lé e lọ́wọ́, kò fi ojú àjèjì wò mí rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi rí.

Ní ọdún 2019, àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. A gbé e lọ sílé ìwòsàn. Odindi ọjọ́ méjì ni kò fi lè ya ẹnu. Ní ọjọ́ kẹta, ó là á, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń tẹnu rẹ̀ jáde: "Lapti. Lapti." Nọ́ọ̀sì ní ọpọlọ rẹ̀ ni kò tíì balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní bóyá orúkọ ẹnìkan tó ti kú ni. Aládùúgbò kan tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ àlùjọ̀nnú. A wá àlùfáà, ó ka Yáásìn, ó sì fẹ́ ẹ sínú omi, a fi omi náà pa á lójú. Lapti náà ni obìnrin yìí ṣì ń wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ ni ìyá arúgbó kan wá bẹ̀ ẹ́ wò, tí àwọn méjèèjì jọ dàgbà ládùúgbò kan náà. Bó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tó gbọ́ ọ, ńṣe ló fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Wàrà ni ó ń bèèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ fún un ní wàrà!" A sáré gbé wàrà wá. Ife méjì ni Màmá àgbà mu láìgbé ife kúrò lẹ́nu.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ojú tì mí. Ọmọ mẹ́rin ló yí ibùsùn ìyá kan ká, kò sì sí ẹni tó gbọ́ wàrà lẹ́nu rẹ̀. Wàrà kọ́ ni Tọ́kì ń pè ní lapti. Èdè wo wá ni? Ọkọ mi, tó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún, kò mọ̀ pé ìyá òun ní èdè mìíràn lẹ́nu.

Ọlọ́hun ṣàánú, ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò, àfi ẹsẹ̀ òsì tó ń wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn ọmọbìnrin mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà náà. Ó yẹ kí n sọ fún yín pé ní oṣù kejì ọdún 2018 ni ìjọba Tọ́kì gbé ìwé ìdílé gbogbo ará ìlú sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ àwọn baba ńlá rẹ̀ wá wò ó. Èrò tó ya lù ú pọ̀ débi pé ẹ̀rọ náà dákú, wọ́n ní láti tì í fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọmọ tèmi nìkan ni ọ̀rọ̀ orírun ń jẹ lọ́kàn. Ọmọ mi tẹ ti ìdílé bàbá rẹ̀ jáde. Ẹ̀yà bàbá ọkọ mi lọ gbọọrọ sẹ́yìn, baba, baba baba, títí wọ ìgbà tí sọ́títáànì ṣì ń jọba. Ti Màmá àgbà já lórí bàbá rẹ̀ àgbà bí okùn tí a fi ọ̀bẹ gé. Níbi tí wọ́n kọ ìlú sí, Karacaova ni wọ́n kọ. A wo àwòrán ilẹ̀ Tọ́kì títí, a kò rí i.

Ọmọ náà lọ bá ìyá rẹ̀ àgbà. "Màmá àgbà, níbo la ti wá?" Ìyá dáhùn pé, "Mùsùlùmí ni wá, Tọ́kì ni wá. Kí lo tún ń wá kiri?" Ó sì padà sídìí ẹ̀wà tó ń ṣà. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ìyàwó wa, má bínú o, ìwọ tí o ti Áfíríkà wá, ìdílé tìrẹ ni kí o máa tú wò. Fi tiwa sílẹ̀." Mo ní mo gbọ́, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ṣùgbọ́n nínú mi, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba ọkùnrin náà, mo sì fẹ́ mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí èmi àti ọmọ mi rí fún yín.

Karacaova ni orúkọ tí àwọn Tọ́kì fún pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan tí àwọn mìíràn ń pè ní Meglen. Ilẹ̀ Gíríìsì ló wà lónìí, ní àríwá Tẹsalóníkà, nítòsí ẹnubodè Àríwá Masedóníà. Lórí òkè tó yí pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà ká ni abúlé mélòó kan wà, èyí tó sì tóbi jù nínú wọn ni Nânti, tí àwọn Gíríìkì ń kọ ní Notia. Àgbẹ̀ àti amọ̀kòkò ni àwọn ará Nânti. Èdè wọn kì í ṣe ti Gíríìkì, kì í ṣe ti Tọ́kì. Ọmọ èdè Látìn ni, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́. Wàrà tí Màmá àgbà pè ní lapti, lapte ni wọ́n ń pè é ní Rùmáníà, latte ni ní Ítálì. Ilé ń jẹ́ casă lẹ́nu wọn, arákùnrin ń jẹ́ frati. Vlach ni gbogbo ayé ń pe irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fọ́n ká orí òkè Gíríìsì, Albania, Masedóníà àti Bùlùgéríà.

Orúkọ náà kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ara wọn. Àwọn ará Jámánì àtijọ́ ló ń fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pe àwọn aládùúgbò wọn tí èdè wọn yàtọ̀. Láti inú rẹ̀ ni Wales tó wà ní Bìrìtéènì ti rí orúkọ tirẹ̀, àti Wallachia ní Rùmáníà. Àwọn Slav gbà á lẹ́nu wọn, wọ́n sì ń fi pe ẹni tó bá ń sọ Látìn. Àwọn tó pọ̀ jù nínú Vlach ń pe ara wọn ní Armâni, èyí tó jẹ́ "ará Róòmù." Àwọn ará Meglen nìkan ni orúkọ tí àlejò sọ wọ́n mọ́ lára, tí wọ́n ń fi pe ara wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa tí à ń pe ara wa ní Yorùbá lónìí, ẹnu àwọn aládùúgbò wa l'ókè Ọya ni orúkọ náà ti kọ́kọ́ jáde.

Báwo wá ni Látìn ṣe dé orí òkè wọ̀nyẹn? Ní ọdún 168 ṣáájú ìbí Ànábì Ísá ni ogun Róòmù ṣẹ́gun ọba Masedóníà. Wọ́n la ọ̀nà ńlá kan, Via Egnatia, láti etí òkun Albania òde òní gba Tẹsalóníkà kọjá lọ sí ìhà Istanbul. Sójà, agbowó-orí àti oníṣòwò ń gba ọ̀nà náà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, èdè Látìn sì ń wọ ẹnu àwọn onílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà àti ìkeje, àwọn Slav ya wọ Balkan, wọ́n gba pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń sọ Látìn sì di ará òkè, pẹ̀lú àgùntàn wọn.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an nínú gbogbo èyí. Ní nǹkan bí ọdún 587, ọmọ ogun Byzantium ń rìn lóru. Ẹrù ẹnìkan ń bọ́ lórí ìbaaka rẹ̀, òun kò sì mọ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi èdè ìbílẹ̀ wọn ké sí i pé kó yí padà. Àwọn sójà ìyókù tó gbọ́ ọ rò pé ọ̀tá ló dé, pé wọ́n ní kí àwọn sá padà, gbogbo wọn sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Akọ̀tàn Gíríìkì méjì ló kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà ké ni ipa àkọ́kọ́ tí a rí nínú èdè tí àwọn Vlach ń sọ lónìí. Nígbà tí mo kà á, ibùsùn ìyá ọkọ mi ni ọkàn mi lọ. Ènìyàn sọ ọ̀rọ̀ kékeré kan lédè ìyá rẹ̀, kálukú sì fi ìbẹ̀rù tirẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Orúkọ Vlach fúnra rẹ̀ kò bá ire wọ inú ìwé. Ìròyìn ọdún 976 ló gbé e jáde, nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò Vlach pa David, ẹ̀gbọ́n Samuel tó padà jọba Bùlùgéríà, lójú ọ̀nà láàrin Kastoria àti Prespa. Lẹ́yìn náà, olùṣọ́ àgùntàn ni ayé mọ̀ wọ́n sí. Bí ìgbà òtútù bá dé, wọ́n a sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Thessaly. Bí ooru bá dé, wọ́n a gun òkè Pindus lọ, tìyàwó tọmọ, tìkòkò tìbora, lẹ́yìn ìbaaka, bí àwọn Fúlàní darandaran tí a mọ̀ nílé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì méjì, Wace àti Thompson, bá wọn rìn dé Samarina, wọ́n sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1914. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé darandaran ni gbogbo wọn. George Averoff, ọmọ Vlach láti Metsovo, ló náwó tún pápá ìṣeré Athens ṣe fún ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1896.

Ta ló wá ni wọ́n? Ìjà ńlá ni. Rùmáníà ní ọmọ òun ni wọ́n, àti ìhà odò Danube ni wọ́n ti ṣàn wálẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún wọn láti ọdún 1864. Àwọn kan ní Gíríìsì ní Gíríìkì ni wọ́n, tí wọ́n ṣọ́ ọ̀nà òkè fún Róòmù títí Látìn fi mọ́ wọn lẹ́nu. Sọ́títáànì Abdul Hamid kejì kéde ní oṣù karùn-ún ọdún 1905 pé ẹ̀yà tó dá dúró ni wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń fi ọjọ́ 23 oṣù náà ṣe ọdún. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Balkan wò, wọ́n rí i pé èdè kò fi bẹ́ẹ̀ pín ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó ya àwọn Vlach sọ́tọ̀ díẹ̀ ni pé abúlé wọn kéré, wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn. Ní ọdún 2023, àwọn mìíràn yẹ egungun àwọn ènìyàn 136 tó gbé Balkan ní ẹgbẹ̀rún ọdún àkọ́kọ́ wò. Ẹ̀jẹ̀ Ítálì tí wọ́n bá níbẹ̀ kò tó nǹkan, láìka gbogbo ọdún tí Róòmù fi jọba sí. Èmi rò pé àwọn onílẹ̀ náà ni, tí ahọ́n wọn yí padà tí egungun wọn kò yí. Nínú àwọn òkú náà, wọ́n rí ọkùnrin kan tí gbogbo orírun rẹ̀ jẹ́ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n sin sí Viminacium létí odò Danube. Mo pe ọkọ mi wá kà á. Mo ní kó bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé èmi kọ́ ni ará Áfíríkà àkọ́kọ́ tó wọ agbègbè wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti kan ìdílé wa nìyí. Gbogbo Vlach, àfi díẹ̀, ẹlẹ́sìn Kírísítì ni wọ́n. Nânti nìkan ni abúlé Vlach tó gba Ìsìláàmù lódindi, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé bíṣọ́ọ̀bù wọn fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ yí padà. Wọ́n ń kírun, wọ́n ń gbààwẹ̀, èdè Vlach náà ni wọ́n sì fi ń rọ ọmọ lẹ́kún. Àwọn ará abúlé kejì, Lundzini àti Liumnița, ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń ra ìkòkò Nânti.

Ní ọdún 1912 ni ogun Gíríìsì gba ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1923, Gíríìsì àti Tọ́kì tọwọ́ bọ ìwé ní Lausanne pé kí wọ́n pààrọ̀ ènìyàn. Àwọn Mùsùlùmí Gíríìsì, nǹkan bí 400,000, yóò lọ sí Tọ́kì. Àwọn ẹlẹ́sìn Kírísítì Tọ́kì, tó lé ní 1,000,000 pẹ̀lú àwọn tó ti sá ṣáájú, yóò wà ní Gíríìsì. Wọn kò bèèrè èdè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ̀sìn nìkan ni wọ́n bèèrè. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Nânti ṣe kó ẹrù lọ sí ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀, nígbà tí àwọn tó ń bá wọn sọ èdè kan náà dúró lẹ́yìn. Àwọn kan sì wà ní Ánátólíà tí wọn kò gbọ́ èdè kankan ju Tọ́kì lọ, tí wọ́n kó wọn lọ sí Gíríìsì nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ.

Màmá àgbà kò sọ tirẹ̀ títí di ọjọ́ kan nínú Ráńmádáànì ọdún 2021, tí èmi àti òun nìkan wà ní ilé ìdáná. Mo ń gé ata, mo sì sọ, láìwo ojú rẹ̀, pé mo gbọ́ pé ata Karacaova a máa ta gan-an. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Ìyá mi gbé irúgbìn rẹ̀ wá nínú ìbọ̀sẹ̀." Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí wọ́n dé, àwọn ọmọ àdúgbò ń pè wọ́n ní ààbọ̀ kèfèrí. Ní ọdún 1928, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo káàkiri Tọ́kì pé kí gbogbo ará ìlú máa sọ Tọ́kì, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìyá rẹ̀ pa ẹnu mọ́. Kò fi èdè náà bá ọkọ sọ̀rọ̀, kò fi bá ọmọ sọ̀rọ̀ lójú pópó. Màlúù rẹ̀ nìkan ló ń fi bá sọ̀rọ̀, ní ìdájí, tó bá ń fún wàrà. Ó ní, "Màlúù kì í lọ rojọ́. Èmi a máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ife mi. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ."

Mo bi í léèrè ohun tó dé tí kò fi sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. "Ṣé kí wọ́n baà pe àwọn náà ní ààbọ̀ kèfèrí? Kí ìdílé ìyàwó wá dá owó orí wọn padà?" Mo ní, "Màmá, ọmọ ọmọ yín ló ń bèèrè." Kò dá mi lóhùn mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ìgbà ooru ọdún 2022, a wọ bọ́ọ̀sì láti Istanbul lọ sí Tẹsalóníkà, èmi, ọkọ mi àti ọmọbìnrin mi, a sì ti ibẹ̀ lọ sí Notia. Màmá àgbà kọ̀, ó ní ẹsẹ̀ òun ń dun òun. Abúlé tútù ni, omi ń ṣàn gba àárín rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ Vlach níbẹ̀ mọ́. Ọmọ àwọn tí wọ́n kó wá láti Tọ́kì ló ń gbé e. Bàbá arúgbó kan tó jókòó níwájú ilé kọfí gbọ́ Tọ́kì lẹ́nu ọkọ mi, ó dìde, ó kí i lédè Tọ́kì tó ti di jágajàga lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ẹnu ìyá òun àgbà ni òun ti kọ́ ọ. Ó fún wa ní kọfí, ó sì bi wá bóyá a mọ abúlé tí ìyá náà ti wá ní Ánátólíà, bóyá ilé rẹ̀ ṣì wà. Àwọn ọkùnrin méjèèjì jókòó, olúkúlùkù ń bi ẹnì kejì rẹ̀ nípa ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò gbé rí. Ọmọ mi ṣa àpáàdì kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó dì í sínú ìborùn.

Nígbà tí a gbé e fún Màmá àgbà, ó yí i lọ́wọ́, ó fi àtàǹpàkò nù ún, kò sọ nǹkan kan. Ó gbé e sójú fèrèsé láàrin àwọn ìkòkò òdòdó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò tíì bi mí ní ìbéèrè kankan nípa ìrìn àjò náà títí di òní. Ṣùgbọ́n ó ní kí n fi fọ́tò abúlé náà ránṣẹ́ sí òun, kí n má sì fi sí ibi tí gbogbo mọ̀lẹ́bí ń wò.

Ní báyìí, ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, ọmọbìnrin mi a máa jókòó tì í pẹ̀lú fóònù, yóò máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ bí 60. Ó ń ka oókà: un, doi, trei, patru. Bó bá ti dé orí eéje, yóò dúró. Kò rántí ẹẹ́jọ. Ọmọ náà wá ìwé tí Weigand, ará Jámánì tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Meglen, tẹ̀ jáde ní ọdún 1892, ó rí ẹẹ́jọ níbẹ̀, ó sì fi ìdùnnú sáré lọ kà á fún un. Màmá àgbà gbọ́ ọ, ó mi orí.

Ó ní, "Rárá, ìyá mi kì í pè é bẹ́ẹ̀. Fi mí sílẹ̀, yóò wá fúnra rẹ̀."